Bàbá Tó Fi Òòlù Kọ́ Ìbàfò Bí Ọkọ̀ Òfurufú Ṣe Ń Yára Ju Ohùn Lọ

Ó dìgbà kan ná, Bàbá mi, Jòsáyà Àkàngbé, ọmọ Ìkìrun tó fi Ìbàfò ṣe ilé. Ọjọ́ márùn-ún péré ni àìsàn fi ṣe yín, ẹ sì fi wá sílẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì ọkọ̀ òfurufú lẹ jẹ́ ní Ìkẹjà kí ẹ tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí wọ́n rán yín lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun lẹ rí ọkọ̀ òfurufú kan tó ń gbé èrò, tó sì ń yára ju ohùn lọ. Láti ìgbà náà, ẹ kò jẹ́ kí àdúgbò sinmi nítorí ìròyìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ní ìtàn lásán ni, ẹ kó gbogbo wa lọ sí pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ lọ dúró ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ẹ fi òòlù lu rímù ọkọ̀ àtijọ́. A rí i tí òòlù balẹ̀ kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ sáré padà wá, ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ń rẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ rí i? Ohùn máa ń pẹ́ lọ́nà. Ọkọ̀ yẹn kì í dúró dè é."

Bàbá Ráṣídì tó ń lẹ táyà béèrè pé, "Ṣé yóò gbé èmi náà dé Ifọ̀?"

Ẹ ní, "Yóò ti ré Ifọ̀ kọjá kí o tó jókòó dáadáa."

Ṣùgbọ́n ẹ kò purọ́ fún un. Ẹ sọ pé epo tó ń mu pọ̀ jù, olówó nìkan ló ń wọ̀ ọ́, ariwo rẹ̀ sì dà bí àrá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìlú kò fi gbà kó sáré bẹ́ẹ̀ lórí ilé wọn. "Ẹni tó bá rí ojútùú ariwo yẹn ló máa mú un dé ọ̀dọ̀ irú wa." Èmi lẹ wò bí ẹ ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín wá láti Ìkìrun, tí wọ́n ní kí ẹ fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán, pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́: "Bọ̀ọ̀dá mi, ohun tí ọmọ yìí fẹ́ ni yóò kọ́." Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ pólì láti kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò, mo sá wálé. Ẹ kò bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ fi jókòó tì mí, ìwé ìṣirò láàárín wa. "Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbìyànjú?" Mo padà lọ, mo sì yege. Lónìí, èmi nìkan ni obìnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí.

Ẹ kò wọ ọkọ̀ tó ń yára ju ohùn lọ náà rí, ẹ kò sì ráhùn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé ikú yín, lẹ́tà dé pé wọ́n ń rán èmi náà lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní òkè òkun. Màmá jókòó sétí ibùsùn yín, wọ́n ní kí n kà á sókè. Mo kà á tán. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà: "Bàbá rẹ ti gbọ́."

Ẹ sùn re o, Bàbá mi. Bí a bá ti sin yín tán, èmi ń lọ di àpótí ìrìn-àjò mi.

Kíkẹ́, àkọ́bí yín