Agogo Ọrùn Ajá Bàbá Mi

Kí n tó ṣí géètì láràárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ yọ orí wo ọ̀nà. Ewúrẹ́ ni mò ń wá. Bí mo bá rí méjì lábẹ́ igi kajú tó wà ní òdìkejì, n ó dúró kí wọ́n ṣí kúrò. Bí wọn kò bá ṣí, n ó ju òkò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ wọn, n ó sì yára wò bóyá àǹtí mi, ẹni tó ni wọ́n, ń wò mí láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni n ó tó yí okùn ajá mọ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, tí n ó fi tòsì di ògiri mú. Tíṣà ni mí. Mo ti dúró níwájú kíláàsì tí ọmọ kún dẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ajá kan ṣoṣo tí kò tíì pé ọdún kan ló ń já mi láyà báyìí.

Ohun tó ń já mi láyà kò fara sin. Ajá náà ti pa ọmọ ewúrẹ́ kan. Ládùúgbò wa ní Kàbà níbí, wọ́n máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ajá tó bá pa ẹran ọ̀sìn lẹ́ẹ̀kan. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra ajá, àwọn yẹn kì í sì í ra ajá láti fi ṣọ́ ilé.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi, tí wọ́n jọ ṣọdẹ láti ìgbà èwe wọn, ló mú un wá fún wa níparí òjò tó kọjá. Ó ti tó oṣù mẹ́fà nígbà náà, ó sì ti ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọ igbó. Bàbá mi kò lè ṣọdẹ mọ́. Orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ṣú débi pé bí mo bá dúró níwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó lè fi mí pe òpó. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé mi láti Lọ́kọ́ja padà wá sí ilé ìwé nílé. Èmi àti òun nìkan la wà nínú ilé, ìròyìn ajínigbé tó ń ti ọ̀nà oko wá láyé ìsinsìnyí kò sì jẹ́ kí ọkàn ẹni balẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó yẹ kí a ní ajá. Bàbá mi fọwọ́ pa á láti imú dé ìrù, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. Ojú ẹsẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. N kò ní kọ orúkọ ọ̀hún síbí, torí òwe ni, bí orúkọ ajá ti máa ń jẹ́, ẹni tó fi òwe náà bá wí ṣì wà láyé, ó sì ń gba iwájú ilé wa lọ sọ́jà.

Oṣù díẹ̀ ni ajá náà fi ṣe ọmọlúàbí, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jáde, etí rẹ̀ di. Kí ó jókòó, kí ó wá, kí ó dákẹ́, gbogbo ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ wá dà bí ẹni pé n kò kọ́ ọ rí. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo ń fọṣọ, ó fo ògiri ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó gbọ́ igbe, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ọmọ ewúrẹ́ àǹtí mi ni. Àbúrò bàbá mi ni àǹtí yìí, ilé ọkọ ló ti di mùsùlùmí, ilé rẹ̀ sì kọjú sí tiwa. Mo ra ewúrẹ́ mìíràn fún un, ó gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sọ tirẹ̀ lábẹ́ ahọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún bàbá mi, "mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ-ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀tẹ̀ nínú ilé. Ewúrẹ́ ni tòní. Bó bá tún ṣe é, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá mú un."

"Tò, mo gbọ́," ni bàbá mi wí.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí, bí mo ti máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà mí: pé n ó so ó mọ́lẹ̀, pé n ó kọ́ ọ, pé n ó máa mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí orí rẹ̀ yóò fi pé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Èrò agogo, èmi ni mo ni ín, n kò lè dì í ru ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ní agogo onírin kékeré kan tó máa ń so mọ́ ọrùn ajá rẹ̀ nígbà tó ń ṣọdẹ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí i lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá so ó mọ́ ajá wa lọ́rùn, gbogbo àdúgbò á ti máa gbọ́ wa kí a tó dé. Ẹni tó ní ewúrẹ́ á kó wọn wọlé. Ẹni tó ní ọmọ á gbé e. Àǹtí mi tó bá ń ti mọ́sálásí bọ̀ á ráyè fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn kí itọ́ ajá má bàa kàn án. Mo ti ń kí ara mi kú ọgbọ́n.

Mo yọ ọ́ lórí ìṣó, mo mú un lọ bá bàbá mi, mo ṣàlàyé. Ó na ọwọ́, ó gba agogo náà, ó mì ín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ilé, ajá tó ti sùn fò dìde.

"Mú un," ló wí. "Mú un lọ."

Bí ìyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti wo fídíò lórí fóònù nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá rìn: bó bá fa okùn, dúró, bí okùn bá dẹ̀, máa lọ, bó bá wo ojú rẹ, fún un ní nǹkan jẹ. Mo gé ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú àpò. Nínú ọgbà wa, ajá náà gbọ́ ohun gbogbo. A ó yí kànga po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, yóò máa wo ojú mi, yóò máa gba ẹja. Inú mi á dùn. N ó wá so agogo mọ́ ọn lọ́rùn kí a lè jáde. Nígbà náà ni ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ á yí padà. Bí mo bá ti ṣí géètì báyìí, n kò ní ajá mọ́.

Ó ń fà mí gba inú gọ́tà, ó ń fà mí gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn, títí dé ibi àpáta tí a ti máa ń yí padà. Imú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Bí mo bá dúró gẹ́gẹ́ bí fídíò ti wí, yóò máa fà títí èémí rẹ̀ á fi máa há lọ́fun. Mo na ẹja sí i nímú, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹja ni. Ọlọ́kadà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí gọ́tà nítorí wa kígbe pé, "Kai! Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń mú un rìn, àbí òun ló ń mú yín rìn?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó wà níbẹ̀ dorí kodò kí n má bàa rí ẹ̀rín wọn. Okùn bó mi lọ́wọ́ débi pé ó ń dùn mí láti kọ̀wé sójú pátákó. Àárín ẹ̀kọ́ ni n ó dédé rò pé mo gbọ́ igbe ewúrẹ́, n ó dákẹ́, n ó tẹ́tí, àwọn ọmọ á sì máa wo ara wọn.

Ohun tó tún rú mi lójú ni bàbá mi. Ara rẹ̀ ń yá. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dùbúlẹ̀ títí oòrùn á fi ga. Báyìí, kí n tó mú okùn, ó ti wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti kọjú sí ọ̀nà. Bí mo bá wọlé tèmi ti ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, kì í béèrè ọwọ́ mi.

"Ẹ pẹ́ níbi àpáta," á ní. "Ó gbóòórùn nǹkan."

"Bóyá okété ni, Bàbá."

"Lẹ́yìn náà ló sáré yà sọ́wọ́ òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ náà máa ń yà."

Etí ló fi ń bá wa rìn. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ arúgbó, mo wọlé lọ fi omi iyọ̀ fọ ọwọ́ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Kajú ti ń já bọ́ púpọ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Mo yẹ ọ̀nà wò, n kò rí ẹran kankan. Ewúrẹ́ àǹtí mi kan tó lóyún wà lẹ́yìn ìtì igi, ó ń jẹ kajú ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ajá rí i ṣáájú mi. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ mi kò sí nílẹ̀ mọ́. Ó wọ́ mi lórí òkúta, bàtà mi kan kù sẹ́yìn, agogo ń dún kíkankíkan, èmi náà ń ké orúkọ tó jẹ́ òwe yẹn kí gbogbo ayé gbọ́. Ó ki ẹnu mọ́ itan ewúrẹ́ náà. Ohun tó yọ wá ni pé okùn lọ́ mọ́ ìtì igi kajú. Ewúrẹ́ já ara rẹ̀ gbà, ó sá lọ. Irun ló kù lẹ́nu ajá. Mo fi ojú tẹ̀lé ewúrẹ́ náà, mo wo itan rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, àǹtí mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́. Kò bú mi. Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀, ó sọdá, ó wọ ọgbà wa lọ bá bàbá mi. Mo wọ́ ajá tẹ̀lé e, orúnkún mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì ti mọ ohun tí n ó sọ kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Òkun o, Ẹ̀gbọ́n," ni àǹtí mi kí i, bí a ti ń kí ara wa níbí.

"Òkun. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá mú un," ni mo wí kí ó tó tún sọ nǹkan. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti ṣe é títí, ó sú mi. Bó bá pa òmíràn, bó bá lọ ki ẹnu mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ojú wo ni n ó fi wò wọ́n? Kí wọ́n wá lọ́la." Mo ń sunkún bí ọmọdé, bí mo ti dàgbà tó.

Ajá náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, agogo rẹ̀ ń dún díẹ̀díẹ̀ bó ti ń mí. Bàbá mi tẹ́tí sí i títí. Ó wá ní kí n mú un sún mọ́ òun. Ó fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀ rí, ó wá kókó tí mo ta rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. N kò mọ kókó ta, ó pẹ́ kó tó tú. Nígbà tí agogo bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ajá náà gbọn ara láti orí dé ìrù, ó mí kanlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀.

"A kì í so ó nínú ìlú," ni bàbá mi wí. "Ẹnu igbó la ti ń so ó. Bí a bá ti ń jáde nígbó, a ó tú u. Bí ajá ọdẹ bá ti gbọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀, iṣẹ́ ti dé nìyẹn, ẹran ni gbogbo ohun tó bá rí. Ajá yìí ò ṣàìgbọràn."

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ẹran ìgbẹ́ ni mo jẹ dàgbà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò mú ọmọbìnrin lọ sígbó rí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nìkan ni mo ti mọ agogo. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń rán ajá náà ní iṣẹ́ ọdẹ, tí mo sì ń bá a wí pé ó ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kò gbọ́ fèrè ọdẹ, òun nìkan ló gbọ́ ọ nínú gbogbo wa.

Kì í ṣe òun nìkan. Mo wo bàbá mi.

"Ẹ sì mọ̀?" Ohùn mi lọ sókè sí i, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. "Ẹ mọ̀, ẹ jókòó síbí, ẹ̀ ń wò mí?"

"Mi ò rí ọ," ló wí. "Agogo ni mò ń gbọ́." Ó yí i ká nínú ọwọ́ rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la ni n ó sọ fún ọ. Mo fẹ́ gbọ́ agogo náà lẹ́ẹ̀kan sí i."

Inú bí mi. Mo fẹ́ kí inú máa bí mi lọ, kò ṣeé ṣe. Àǹtí mi ti yí ojú sí ọ̀nà. Nígbà tó pẹ́, ó ní ewúrẹ́ òun kò ṣẹ̀jẹ̀, pé ọ̀rọ̀ kò tíì di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó sì lọ gbé kẹ́tù rẹ̀ torí màgàríbì ti tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agogo ti padà sórí ìṣó. Mo yọ orí wo ọ̀nà. Ewúrẹ́ mẹ́ta, aboyún náà wà lára wọn. Dípò ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yí okùn mọ́ ọwọ́. Ajá náà fà díẹ̀, torí ọ̀dọ́ ṣì ni, mo dúró, ó wẹ̀yìn wò mí. Ó wo ojú mi gan-an. Ẹja bọ́ mi lọ́wọ́. Aboyún ewúrẹ́ gbórí sókè. Ajá wò ó, etí rẹ̀ nà ṣánṣán, mo di okùn mú pinpin. Lẹ́yìn náà ló wo àpò ẹja mi. A kọjá. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí títí a fi dé ibi àpáta, ó ṣì ń bà mí nígbà tí a ń padà bọ̀, torí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lónìí kò ṣèlérí fún mi nípa ọ̀la.

Bàbá mi wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti géètì, mo tú okùn, ajá lọ mu omi. Mo wá dúró níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ ìró bàtà mi.

"Ẹ ò tíì jáde ni?" ló bi mí.

"A ti lọ, a ti dé, Bàbá."

"Hẹn," ló wí.

Mo fa àpótí, mo jókòó tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrìn náà fún un láti ẹnu géètì: ibi tí a ti dúró, ibi tí ajá ti gbóòórùn, ibi tó ti fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì tí n kò jẹ́ kó yà. Nígbà tí mo dé ibi àpáta, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún mi.

"Rọra," ló wí. "O ti ń sáré jù."