Ìpàdé Àlejò Lọ́jọ́ Ọjà Imeri

Ọdún mọ́kànlá ni Oyèkẹ́ ti ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn opó lọ́wọ́ ní Ọ̀wọ̀. Opó lòun náà, ọmọ Imeri sì ni, ṣùgbọ́n ta ló bi í léèrè nǹkan? Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ nípa opó, wọn á pe ìpàdé, òun á gbé omi wọlé fún wọn.

Lọ́dún yìí, owó òrùlé ni wọ́n ń wá. Atẹ́gùn ti ká páànù abà tí àwọn opó Imeri ti ń rin ẹ̀gẹ́, òjò sì ń rọ̀ sórí gaàrí. Opó mẹ́rìnlélógún ló ń jẹun níbẹ̀, Abigail àbúrò Oyèkẹ́ wà lára wọn. Bí òjò ọdún yìí bá tún bá a báyìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ á dípẹtà, ó parí nìyẹn.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adégbénga, mú Ọjọ́bọ̀ kan kí Màdáàmù Veronica, olówó kan láti Ìbàdàn, wá fojú ara rẹ̀ rí àwọn opó. Ó kéde rẹ̀ sórí wásáàpù ẹgbẹ́. Ènìyàn mẹ́sàn-án fi àtàǹpàkò dá a lóhùn. Iṣẹ́ ti parí.

Oyèkẹ́ fi ìka ka ọjọ́ ọjà títí dé Ọjọ́bọ̀ náà, ó sì lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ ọjà Imeri ni Ọjọ́bọ̀ yẹn. Opó kan ò ní sí nílé."

"Màmá, ọ̀rọ̀ ètò, orí wásáàpù la ti ń sọ ọ́. Ìlànà ni."

"Fóònù mi ò ní wásáàpù, sà."

"Ẹ ò rí i? Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi ń mọ nǹkan tó ń lọ."

Ọjọ́bọ̀ pé. Níwájú abà Imeri, ọgọ́rin àga, kánọ́pì méjì, aṣọ ìkéde gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi kí àlejò káàbọ̀ sáàárín àwọn opó. Ewúrẹ́ mẹ́ta ló wá, àti Bàbá Rùfáì, tí ìyàwó rẹ̀ ṣì le kokooko. Ọ̀gá dìde, ó kí àwọn àga dáadáa. Ó ní àwọn opó wà nínú ààwẹ̀.

Àlejò kọjú sí Oyèkẹ́ tó ń gbé omi fún un. "Màmá, ààwẹ̀ wo?"

Oyèkẹ́ wo ọ̀gá, ó wo abà tí kò lórùlé. "Ààwẹ̀ kọ́, mà. Ọjà ni wọ́n lọ. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn."

Lọ́jà, Abigail bu gaàrí tí òjò ti bà jẹ́, èyí tó fẹ́ tà fáwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ó nà án sí àlejò nímú.

"Ó ń rùn," ni Màdáàmù Veronica wí.

"Òjò ọjọ́ Àìkú nìyẹn, mà. Àbí kí n ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ fún yín ni?" ni Abigail bi í.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Àlejò náà rẹ́rìn-ín, ó gba nọ́ńbà Oyèkẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ já páànù méjìlélógójì sílẹ̀ ní Imeri, ìṣó pẹ̀lú. Orúkọ Oyèkẹ́ ni wọ́n kọ sí rìsíìtì. Ọ̀gá bá pe ìpàdé pàjáwìrì láti wádìí bí agbálẹ̀ ṣe ń bá olówó sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ. Oyèkẹ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n má bínú, òun ò ní lè wá: òun ń di àkàsọ̀ mú fún káfíńtà.