Màmá Òfurufú, Ohùn Ọkọ̀ Ńlá

Kí Màmá Òfurufú tó jókòó síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, á bọ́ yẹtí, á bọ́ aago, á kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ wọ odò. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí mò ń tọ́jú kì í gbójú fo nǹkan. Bí ẹ̀gbà bá kan ẹ̀gbà, ó gbọ́. Bí ikùn bá kùn, ó gbọ́. Nítorí náà Màmá kì í jẹun yó kó tó wá, kì í sì í febi pa ara rẹ̀, torí ikùn tó ṣófo ló ń pariwo jù. Ó máa ń sọ pé látọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, ẹ̀rọ yìí nìkan ló ń tẹ́tí sí òun tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wa ni pé a máa ń gba eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe ní èdè ẹlòmíràn, a ó yọ ohùn inú rẹ̀ kúrò, a ó fi Yorùbá sí i. Yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ti ń ṣe é. Fóòmù la fi bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò ní fèrèsé, a ò sì gbọ́dọ̀ tan fáànù nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Màmá á jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnujú lórí itan, èmi á wà lẹ́yìn gíláàsì, níbi tí bọ́tìnnì pọ̀ sí. Bàbá Bọ́tìnnì ló ń pè mí. Mi ò bínú sí i. Wọ́n ti fi orúkọ tó burú ju ìyẹn lọ pè mí rí.

Eré tó sọ ọ́ di Màmá Òfurufú jẹ́ ìtàn àwọn èèyàn tí ayé wọn bàjẹ́, tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú ńlá kan láti lọ wá ayé mìíràn. Ọ̀nà náà jìn débi pé àwọn tó wọ ọkọ̀ kú sínú rẹ̀, àwọn ọmọ wọn hu ewú sínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní ọgbọ́n, ó ń sọ̀rọ̀, òun ló ń tan iná fún wọn, òun ló ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Ohùn ọkọ̀ yìí ni Màmá ń ṣe. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, torí kó tó dọ́dọ̀ wa, òun ló ń kéde ní ibùdó rélùwéè, pé ọkọ̀ báyìí ti fẹ́ gbéra, kí àwọn èrò kúrò létí irin. Lọ́jọ́ kan tó ń lọ sílé, obìnrin kan tó dúró tì í níbẹ̀ ní, “Ẹni tó ń pariwo lókè yẹn, ẹnu kì í ro ó ni?” Ó ní òun bá a dá sí i pé ó yẹ kẹ́nu ti máa ro ó. Nígbà tó yá wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń kéde fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ sinmi.

Ilé rẹ̀ wà ní òpin àdúgbò àwọn tó ń jórin. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ọmọ náà sì wà lókè òkun pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ tirẹ̀. Màmá ò tíì fọwọ́ kan ọmọ-ọmọ yìí rí. Kò béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ayé. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kó máa gbé níbi tó ti lè sọ̀rọ̀, kí ẹnìkan sì dá a lóhùn.

Ọ̀gá wa, ẹni tó ń darí iṣẹ́, ni a ń pè ní Ìtumọ̀ tí kò bá sí nítòsí. Ọkùnrin náà mọ̀wé, kò sì burú, àmọ́ kò sí ohun tó kàn wà lásán lójú rẹ̀. Bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan nínú eré, á ní ife náà dúró fún nǹkan. Ó ní ọ̀gá àwọn awakọ̀ dúró fún ọba tí ẹ̀rù ń bà, tí kò fẹ́ kí aráàlú mọ̀. Ó ní ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú ọkọ̀, tí kò tẹ ilẹ̀ rí, dúró fún gbogbo ọmọ tó ń pe ojú ọ̀nà àwọn òbí rẹ̀ ní ilé. Mo fara mọ́ ìyẹn díẹ̀. Àmọ́ nígbà tó ní ọkọ̀ dúró fún ìyá, Màmá gbójú sókè.

“Ìyá wo? Ìyá tí ẹnikẹ́ni kì í kí láàárọ̀?”

“Màmá, àpẹẹrẹ ni.”

“Mo ti wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jí, wọ́n á ní ọkọ̀, tan iná, ọkọ̀, ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó bi í pé ṣé ó sùn dáadáa.”

Nínú ìwé tí Ìtumọ̀ kọ, ọmọbìnrin inú ọkọ̀ ń pe ọkọ̀ ní ìwọ. Màmá ní òun ò ní ṣe é bẹ́ẹ̀, pé ọkọ̀ tó gbé baba ńlá ọmọ, kí ọmọ máa wá pè é ní ìwọ, ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà sí ẹ̀yin. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ jókòó. Ọkùnrin tó ń ṣe ohùn ọ̀gá awakọ̀, télọ̀ ni, ọjọ́ tirẹ̀ ọ̀tọ̀. Màmá ti bá a jà, ó ti bá a ṣàwàdà, ó ti bá a sunkún nínú eré yìí, kò sì tíì fojú kàn án. Màmá á sọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́ títí ẹnu ọ̀gá awakọ̀ á fi dẹ́kun mímì nínú àwòrán. A ń pe ìdákẹ́ yẹn ní àlàfo. Bí àlàfo bá parí, màá tan iná pupa kan níwájú rẹ̀, á tún máa sọ̀rọ̀ lọ. Èmi ni màá wá mú ohùn télọ̀ wá dí àlàfo náà tó bá yá.

Àlàfo bá a délé. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì á bi í pé, “Ìyá, èyí tó tóbi àbí kékeré?” Á dúró, á máa wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ládùúgbò pé etí ìyá ti ń di. Àwọn mìíràn ní ìgbéraga ni. Àwa tó mọ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. A ní tí wọ́n bá kí Màmá láàárọ̀, ọ̀sán ni wọ́n á gbọ́ ìdáhùn. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ò mọ̀ pé nǹkan máa tibẹ̀ yọ.

Lọ́jọ́ kan, a sinmi díẹ̀ láàárín iṣẹ́, fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ rẹ̀ ni. Kò dìde kúrò níbi tó jókòó sí, ẹ̀rọ sì ṣì wà ní títàn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Èmi kì í fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Etí ẹ̀rọ ló gbọ́.

“Màmá, yàrá kan ṣófo nílé wa. Èmi àti ọkọ mi ti jọ sọ ọ́. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ṣé ẹ máa wá?”

Mo rí ojú Màmá. Ó là bí ojú ọmọdé. Mo ń retí kó ké “Hẹ̀n!” Kò sọ nǹkan kan. Ó ń wo iwájú.

“Màmá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

Màmá ò fọhùn.

“Ó dáa, Màmá. Ó ti yé mi.” Ọmọ gé fóònù.

Mo sáré wọlé. “Màmá, kí ló dé tẹ́ ò fi dá a lóhùn?”

Ó wò mí, ó wo ibi tí gíláàsì wà. “Mo ń retí iná,” ló wí.

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi gbẹ lẹ́nu wa.

“Ẹ pè é padà kíá.”

“Èmi? Kí n pe ọmọ tí mo bí, kí n máa tọrọ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀? Rárá o. Ó máa pè lọ́jọ́ ìsinmi. Tó bá ti lè tún bi mí báyìí, màá dáhùn kó tó pa ẹnu dé.”

Ọmọ pè lọ́jọ́ ìsinmi lóòótọ́. Ó sọ̀rọ̀ òtútù, ó sọ̀rọ̀ eyín tí ọmọ rẹ̀ ń hù, kò dárúkọ yàrá. Ó ti bi ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyá dákẹ́. Ojú ń tì í láti tún béèrè. Ojú ń ti ìyá náà láti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ òtútù nìyẹn, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé ibi iṣẹ́, kì í sì í fẹ́ lọ sílé tí a bá parí. Ó máa ń jókòó tì mí, á máa wo bọ́tìnnì. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì, àmọ́ ta ni mo fẹ́ lọ bá?

Nígbà tí eré fẹ́ parí, Ìtumọ̀ kó wa jọ láti ka apá ìkẹyìn. Ọkọ̀ ti dé ayé tuntun. Gbogbo èèyàn máa sọ̀kalẹ̀ sórí koríko. Ọkọ̀ máa dá gbéra, á máa lọ sínú òkùnkùn, òun nìkan.

Ìtumọ̀ ní, “Ẹ wò ó bó ṣe dùn tó! Ìyá ti tọ́ ọmọ, ọmọ ti dàgbà, iṣẹ́ ìyá ti parí.”

“Ta ló bi í?” ni Màmá wí.

“Ta ló bi ta, Màmá?”

“Ta ló bi ọkọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ti parí?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọ yàrá iṣẹ́, ó mú fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n má jáde, pé ẹ̀rù ń ba òun.

“Ọmọ mi, yàrá tó o sọ níjọ́sí, mo fẹ́ ẹ. Ó wù mí kí n wá. Àárò yín ń sọ mí gan-an ni.”

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ọmọ ni àlàfo wà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Màmá, ẹ ò dáhùn nígbà yẹn. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ni. Ìyá ọkọ mi ló wà nínú yàrá yẹn báyìí. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wọn mọ́. Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Ẹ gbọ́, wọ́n fẹ́ kí yín.”

Ohùn àgbàlagbà kan bọ́ sórí fóònù, ó dùn, kò ní ẹ̀bi kankan nínú. “Àna mi àtàtà! Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ là ń gbọ́ yín nínú eré ọkọ̀ yẹn nílé yìí. Ọmọ-ọmọ wa ò ní sùn tí kò bá gbọ́ ohùn yín. Àfi bí ẹni pé ẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wa.”

“Ẹ ṣeun o,” ni Màmá wí lójú ẹsẹ̀. “Ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ẹ rọra máa fẹsẹ̀ rìn.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì sunkún. Mo pa ẹ̀rọ, torí kò yẹ kó gbọ́ ìyẹn.

Nígbà tí a wá gba ohùn ìkẹyìn sílẹ̀, Ìtumọ̀ fúnra rẹ̀ wá jókòó tì mí. Nínú àwòrán, àwọn èèyàn ń sọ̀kalẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ ló kẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Ṣé ẹ ò ní bá wa sọ̀kalẹ̀ ni?” Ọkọ̀ ò dáhùn nínú ìwé. Ọmọ náà á dúró díẹ̀, á yíjú, á máa lọ. Ìtumọ̀ ti sọ fún wa pé ìdákẹ́ yẹn ló ládùn jù nínú gbogbo eré, pé ńṣe ni ìyá ń fi wúre fún ọmọ. Mi ò tan iná pupa kankan, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó kù.

Màmá la ẹnu láìretí iná. “Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ dúró dè mí, mo fẹ́ bá yín sọ̀kalẹ̀.”

Ìtumọ̀ fò dìde. “Màmá! Kò sí nínú ìwé!”

“Mo mọ̀ pé kò sí.”

“Ó máa ba gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìdákẹ́ yẹn, ìfọkànbalẹ̀ ló dúró fún.”

“Ọ̀gá, irọ́ ni. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ẹ fi sílẹ̀.”

Ìtumọ̀ wò mí. Èmi tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ wọn, mo ní kó fi sílẹ̀. Ó jókòó, ó fọwọ́ nu ojú. Màmá gba ẹ̀gbà àti yẹtí rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ̀ wọ́n, ó sì lọ sílé.

Èmi nìkan ni mo gbé ohùn náà sínú àwòrán. Ó mọ́ gaara, bí ohùn ẹni tó ń kéde fún èrò púpọ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo tún un wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ Màmá bọ́ sí, ọmọbìnrin náà ti yíjú. Ó ń lọ lórí koríko pẹ̀lú àwọn yòókù. Kò bojú wẹ̀yìn, torí àwọn tó ya àwòrán náà ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa pè é.