Ọkùnrin Onígi Tó Wà Lẹ́yìn Fóònù Ìyá Ṣéfíù

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgòlò, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀ àfi ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ àwòrán sẹ́yìn kọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹ̀wù tí a ń wọ̀ fún fóònù kó má baà fọ́. Òdòdó àti orúkọ ènìyàn ni mo ń tẹ̀ nígbà náà. Irú wọn sì kún ọwọ́ àwọn tó ń kiri ọjà lójú bọ́dà, tiwọn tún pọ́ọ́kú ju tèmi lọ. Nígbà tó yá, mo ti ń rò ó pé kí n padà sí Bánígbé, kí n lọ bá ìyá mi gbin ẹ̀gẹ́.

Ìyá Ṣéfíù ló yọ mí. Òun ló ń ta aṣọ àlòkù ní òdìkejì ọ̀nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tú bélì aṣọ, ó bá àwọn páálí pẹlẹbẹ kéékèèké nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì kan, ó sì kó wọn wá fún mi, ó ní ṣebí àwòrán ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà àtijọ́ ló wà lára wọn, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé igi kọ́ èjìká. Mo wá a lórí fóònù kí n tó mọ̀ pé káàdì bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kí ẹnì kejì fi igi gbá a dànù. Àwọn káàdì náà ti ṣá, etí wọn ti jẹ, omi sì ti pa orúkọ rẹ́ lára wọn.

Mo yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe. Mo nu gbogbo àbàwọ́n, mo mú ojú wọn dán, mo wá fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Bẹnadẹ́ẹ̀tì, àwọn wo lo fi ránṣẹ́ sí mi yìí? Ènìyàn ni àbí bèbí?"

Ó ní kí n dá ìlà iwájú orí wọn padà, kí n dá oòrùn padà sójú wọn. Àwọ̀ tó ṣá ni kí n jí, kí n má fọwọ́ kan ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Mo ṣe bó ṣe wí. Nígbà tí mo yọ kọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ gbígbóná, àfi bíi pé ọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ rà á. Wọ́n ń jiyàn lé e lórí: àwọn kan ní ọdẹ ni, àwọn kan ní ọlọ́pàá ni.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá Ìyá Ṣéfíù pé kó mú èyí tó bá wù ú. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò títí ó fi dé orí ọkùnrin dúdú kan tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní báyìí gan-an ni bàbá òun ṣe máa ń gbé ọkọ́ kọ́ èjìká bọ̀ láti oko, báyìí ló sì ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Òun ṣì kéré nígbà tí wọ́n kú, kò sì sí fọ́tò wọn kankan nílé.

"Ọmọ mi," ó ní, "má tẹ èyí fún ẹlòmíì mọ́."

Mo ṣèlérí fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alàájì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Ìdí-Ìrókò, lódìkejì bọ́dà, wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti rí ti ọwọ́ Ìyá Ṣéfíù bó ṣe ń kọjá, òun gan-an ló sì fẹ́ kí n tẹ̀ ní púpọ̀. Irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò tíì kàn mí rí. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé Ìyá ò ní mọ̀, ṣebí Nàìjíríà ni wọ́n ń kó wọn lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alàájì," mo ní, "mo lè tẹ gbogbo yòókù fún yín. Èyí ti ní ẹni tó ni ín."

Ojú rẹ̀ le. Ó béèrè ta ló ni àwòrán ará Amẹ́ríkà ní Ìgòlò. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó jáde. Mo ń wò ó bó ṣe sọdá sí ìsọ̀ Ìyá, tó kí i, tó ra ṣẹ́ẹ̀tì kan, tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo ti gbà pé iṣẹ́ ti lọ, àfi bó ṣe padà wọlé.

"Tẹ yòókù fún mi," ó ní. "Ẹni tó lè pa ọ̀rọ̀ ìyá kan mọ́, kò ní dà mí."

Iṣẹ́ yẹn ló mú ṣọ́ọ̀bù náà dúró. Lónìí, èmi náà ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá, ọ̀gá mi àti Alàájì. Mi ò tíì sọ fún Ìyá ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní àìpẹ́ yìí, mo wà ní ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan béèrè ta ni ọkùnrin tó wà lẹ́yìn fóònù rẹ̀. Ó fi ìró nù ún kó tó nà án sí i.

"Bàbá mi ni," ó ní. "Wọn ò ya fọ́tò rí láyé wọn. Ìgòlò níbí ni wọ́n ti wá yà á."