Ìyá Mi Bá Mi Ka Ìgbọ̀nsẹ̀

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣírò ní Ẹdúnàbọ̀n nígbà tí inú fún mi bí ẹni ń fún aṣọ. Mo sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ju ìgbẹ́ lọ. Mo da omi sí i, mo padà sídìí iṣẹ́, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo wá sọ ọ́ nílé wa ní Ìlódè, ìyá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ni mo mu jù. Mo pa ṣúgà tì, mo mu àgbo kíkorò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Inú á kù, á lọ́, n óò dìde kíákíá; nígbà mìíràn, ohun yíyọ̀ bí ikun imú nìkan ni mo máa rí. Mo ń wọ bọ́ọ̀sì láìjẹun, kí n má baà máa bẹ awakọ̀ kó dúró. Búbá mi wá dà bí èyí tí mo yá wọ̀.

Dókítà obìnrin tí mo lọ bá kò tètè dárúkọ àìsàn kankan. Ó ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: iye ìgbà tí mo yàgbẹ́, bóyá ó le tàbí ó ṣàn, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá ó jí mi lójú oorun, ohun tí mo jẹ, bí inú ṣe run mí tó. Ojú tì mí. Èmi tí mo ń máàkì ìwé ọmọ ọlọ́mọ, kí n wá máa kọ ìgbẹ́ sílẹ̀! Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìyá mi bá a níbẹ̀. Kò mọ̀wé, ó bi mí pé kí ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rọra fi ìwé náà padà sábẹ́ ìrọ̀rí. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kírun alẹ́ tán, á béèrè pé, “Mélòó lónìí?” Bí mo bá sọ ọ́, á tún un sọ wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọ kéú tó ń há nǹkan sórí.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú. Wọ́n gbé mi dé ọsibítù; ìwé wà nílé, ohùn kò sì jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí dókítà obìnrin yẹn béèrè bí ìgbẹ́ ti ń rí, ìyá mi ló dá a lóhùn.

“Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú méje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dìde lóru. Níjẹta, ẹ̀ẹ̀mẹjọ.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ka ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, dókítà ń kọ ọ́.

“Ẹ ṣeun, Mọ́mì,” ni dókítà wí. “Èyí kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí.”

Wọ́n dá mi dúró, wọ́n fa omi àti ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ìdí mi wọlé, wọ́n sì já ẹran bíńtín lára ìfun mi lọ yẹ̀ wò. Ó ni mí lára, ṣùgbọ́n dídúró de èsì burú jù ú lọ. Lórí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí lọ́jọ́ èsì, ìyá mi ní, “Má bínú sí mi nítorí àgbo yẹn.” Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Egbò ló kún ìfun ńlá mi. Dókítà ní agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àìsàn jà ló yíjú sí ìfun fúnra rẹ̀, tó ń mú un wú, tó ń dá egbò sí i. Kì í ṣe ṣúgà ló fà á, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe mí. Kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn lè mú kó sùn.

Ó sì sùn, àmọ́ kì í ṣe wẹ́rẹ́. Oògùn àkọ́kọ́ mú ojú mi wú. Nígbà tí ara yá, mo dá oògùn dúró fúnra mi. Inú ìwé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí àṣìṣe mi: méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́fà. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ̀jẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wò lọ.

Mo ti bínú sí ara mi yìí púpọ̀. Báyìí, bí mo bá jí, mo máa ń gbé ọwọ́ lé ikùn mi, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó dìde. Lánàá, mo ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀kan péré, mo fi kírun ọ̀sán, mo tún fi kírun Alásàrì; ìgbẹ́ kò gbé mi dìde láàárín kó bà á jẹ́. Ẹni tí àìsàn yìí bá ti ṣe rí ló máa mọ bí ìyẹn ti tóbi tó.