Ẹ Dùbúlẹ̀ Kí Ẹ Tó Kí Ìyá Àgbà

Àlàájì onílé wa nà gbalaja sórí ẹní ní pálọ̀, ó dojú kọ òrùlé, agbádá rẹ̀ tẹ́ lọ bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Lókè rẹ̀ ni ìyá àgbà mi jókòó, ó dorí kodò sórí ìrọ̀rí tí a gbé sétí tábìlì.

"Màmá, ẹ kú ewu o!"

"Ewu iná kì í pa àwòdì, Àlàájì. Ẹ mà ti jẹ àlùbọ́sà láàárọ̀ yìí!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ má rò pé orí Àlàájì dàrú o. Ojú òsì ìyá àgbà ti fọ́ tipẹ́. Ọ̀tún nìkan ló kù, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó fi ń ríran sì ṣí kúrò. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ, ó lẹ̀ ẹ́ padà, ó wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ojú náà kó máa tì í mọ́ àyè rẹ̀. Ó ní, "Mà, afẹ́fẹ́ máa ń lọ sókè ni. Tẹ́ ẹ bá dorí kodò, ẹ̀yìn ojú ló máa tì. Tẹ́ ẹ bá ń gbórí sókè, ó lè má lẹ̀ mọ́ láé."

Ìyá àgbà ní, "Kí ló wá le níbẹ̀? Ṣé mi ò ti ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run láti kékeré ni?"

Hùn! Ìkíni ló fẹ́ ba tiwa jẹ́. Ní Pápá Àjàó wa, ta ló máa gbọ́ pé ara àgbà ò yá tí ò ní yà wá kí i? Ìyá àgbà ò sì lè dá èèyàn lóhùn láìwò ó lójú. Lójú tiẹ̀, ìgbéraga gbáà ni. Bí wọ́n bá ti ní "Ẹ ǹlẹ́ ńlé o" báyìí, orí á gbéra. Màmá mi á figbe ta: "Ẹ jọ̀ọ́, ojú yín!" Èmi á sá lọ sí kíṣìnì lọ sunkún, torí mo rò pé kò ní rí mi mọ́ nìyẹn.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọgbọ́n sí i. "Ẹni tó bá fẹ́ kí mi, kó lọ sísàlẹ̀. Níbi tóhùn bá ti wá lorí mi ń lọ." La bá tẹ́ ẹní. Àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń lọ sí mọ́sáláṣí dùbúlẹ̀. Àwọn wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gbọn eruku ara wọn, àwọn náà dùbúlẹ̀. Èmi ń ti rọ́bà tí wọ́n fi ń fa mínírà sí i lẹ́nu kó lè mumi, mo sì ń fi àdí gbígbóná ra á lọ́rùn. Ó ń kérora, ó ń bínú, ó ń bú dókítà àti ìyá tó bí dókítà. Ṣùgbọ́n kò gbórí.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ náà tán nínú ojú, dókítà ní ó ti lẹ̀ dáadáa. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti iléèwé, mo ṣì wà lọ́hùn-ún nídìí òpó iná, ni mo gbóhùn rẹ̀ láti bàràǹdà:

"Ìwọ ọmọ yìí! Bọ́tìnnì àyà ẹ dà? Ta lo bá jà?"

Háà! Mo ju báàgì nù, mo ń fò. "Ó rí mi! Ìyá àgbà rí mi!" Àwọn wẹ́dà pa iná, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo gba ìbáwí nítorí bọ́tìnnì náà, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Mo ti dàgbà báyìí. Tí ọ̀ràn bá dé tó jẹ́ pé kí n fara balẹ̀ nìkan ló kù, ara mi a máa yún mi láti dìde jà. Ìgbà náà ni mo máa ń rántí ọrùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé akínkanjú kì í tẹrí ba. Mo ti rí èyí tó tẹrí ba, tó sì ṣẹ́gun.