Ọjọ́ Tí Mo Pa Iná Mọ́ Àwọn Ọmọ Japan Lẹ́nu Orin

Èmi ni mo pa iná náà. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè di ẹ̀bi náà rù. Mo sáré lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù tí méènì wà, èyí tí àwọn ará Dublin ń pè ní "press", mo fi ọwọ́ méjèèjì fa méènì wálẹ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò fẹ́ lọ. Gbogbo sitúdíò ṣókùnkùn. Orin tí àwọn ọmọ Japan mẹ́ta náà ti ń lé láti àárọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bọ́ sípò, bá iná lọ.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìwé mi ò pọ̀. Iṣẹ́ wáyà ni mo kọ́ ní Mushin kí n tó wá sí Ireland, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ọ̀gá mi fi ìgbátí kọ́ mi: "Rasaki, ohunkóhun tó bá ń han lẹ́nu iná, pa méènì ná kó o tó bèèrè." Iṣẹ́ yẹn náà ni mo gbé dé sitúdíò kan nítòsí Blanchardstown. Mò ń tún iná ṣe níbẹ̀, mò ń gbálẹ̀, mò ń po tíì. Declan ló ni ibẹ̀, òun náà ló ń gba ohùn sílẹ̀. Raz ló ń pè mí. Kò sí ohun tí kì í ṣe "grand", ìyẹn "ó dáa", lẹ́nu rẹ̀. Kódà nígbà tí òrùlé ń jò sí i lórí, grand ni.

Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn tó ń polówó ọjà ló sábà máa ń wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ Japan yìí wá ṣe àwo orin àkọ́kọ́ wọn ní tiwọn. Yuki ló ń kọrin, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ta gìtá, Kenji ń lu ìlù. Pọ́ǹkì ni irú orin náà, èyí tí wọ́n máa ń sáré kọ bí ẹni tí ajá ń lé. Orí òrùlé ni mo wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń dí ibi tó ń jò, nítorí náà n ò tíì dúró gbọ́ wọn dáadáa rí. Orin kan ṣoṣo ló kù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ òfúrufú wọn máa gbéra, Yuki sì ti sọ pé tí orin yẹn ò bá sí níbẹ̀, òun ò ní gbé àwo kankan jáde.

Bí mo ṣe gbé tíì wọlé báyìí, àbúrò Yuki gbé gìtá sún mọ́ ampilifáyà, nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Fíìdíbáàkì lorúkọ ẹ̀, ara orin ni. Èmi ò mọ̀. Etí Mushin ni mo fi gbọ́ ọ, ni mo bá da tíì sílẹ̀, mo sáré lọ síbi méènì.

Nígbà tí mo tan iná padà, Declan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Raz, kí lo ṣe yìí?"

"Mo rò pé ó fẹ́ gbiná ni."

"Pọ́ǹkì ni. Bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn."

Ọkàn mi ti dé Hartstown lọ́dọ̀ ìyàwó mi, mo ti ń ro bí màá ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́. Yuki bá jáde sí mi. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Ṣe ló tẹrí ba: "Uncle, ẹ má bínú. Ariwo wa dẹ́rù bà yín."

Èmi tí mo ṣẹ̀ rèé o. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó rí i pé mo bẹ̀rẹ̀ ju òun lọ, ó tún lọ sílẹ̀ sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ̀bi ńkọ́? N ò mọ ibi tó yẹ kí n dúró sí, ni mo bá tún lọ sílẹ̀. Eékún mi dún. Àbúrò rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa. Kenji náà dìde nídìí ìlù, ó tẹrí ba, bóyá fún èmi ni o, bóyá fún tíì tó dànù.

"Ṣé àwo la fẹ́ ṣe ni," Declan bi wá, "àbí abẹ́rẹ́ yín ló sọnù sílẹ̀?"

Wọ́n padà sẹ́nu orin. Téèkì ni wọ́n ń pe ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ orin tí ẹ̀rọ sì gbà á. Téèkì ń gorí téèkì, kò séyìí tó gbóná. Ohùn Yuki ti rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ kó jẹun. Declan gbọ́wọ́ lérí, ó ní orin ti kú.

"Ọ̀gá kan tó máa ń jágbe mọ́ mi níbi iṣẹ́ ni mo kọ ọ́ fún," Yuki sọ. "Nílé ní Japan, tí mo bá ń kọ ọ́, àwọn èèyàn máa ń wà níwájú mi gan-an. Níbí, ògiri ni mò ń wò. Mo sì ti tọrọ àforíjì, ìbínú mi ti lọ."

N ò mọ ohun tó wọ̀ mí lẹ́wù. "Wá jágbe mọ́ mi," mo ní. "Èmi ni mo pa iná."

"N ò lè ṣe é. Àgbà ni yín."

"Ọmọ kì í jágbe mọ́ àgbà lọ́dọ̀ tiwa náà. Ṣùgbọ́n àgbà lè yọ̀ǹda. Mo yọ̀ǹda fún ẹ."

Wọ́n gbé mi dúró síwájú ẹ̀, mo sì di ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n má lọ wá méènì kiri. Kenji gbá ìlù, Yuki lanu. Áà, ṣé ọmọ tó tẹrí ba yẹn náà nìyí? Ó fi orin náà nà mí látòkè délẹ̀. N ò gbọ́ èdè Japan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èébú náà dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, kò sì yọ bàbá bàbá mi sílẹ̀. Òógùn bò mí. Gìtá bá tún bẹ̀rẹ̀: gooro. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré, mo dá a dúró. Ẹnu mi ni n ò rí dá dúró.

"Yéè, orí mi o."

Yuki bú sẹ́rìn-ín láàárín orin, ó wá figbe ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìlù gbá tẹ̀ lé e, orin sì já wálẹ̀ bí òrùlé páànù. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ dákẹ́, Declan ti wà lórí ìdúró lẹ́yìn gíláàsì yàrá ẹ̀rọ rẹ̀.

Àwo yẹn wà lára ògiri pálọ̀ wa báyìí. Yuki sọ fún mi lórí fóònù pé orin tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè níbikíbi tí àwọn bá ti ṣeré. Àmọ́ díẹ̀ ló kù kó má rí bẹ́ẹ̀, torí ohun tí Declan kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ yẹn ni pé: "Òun gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn Raz ti wọ inú maikirofóònù Yuki, kò ṣeé yọ. A ní láti tún un kọ."

Yuki fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Ohùn ti ha. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láti tún bẹ̀bẹ̀ nígbà tí Kenji, tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n dé, dìde, ó kó àwọn ọ̀pá ìlù rẹ̀ sínú àpò, ó sì fa síìpù ẹ̀ pa.

"Uncle wà nínú orin yìí," ó ní. "Tí ẹ bá fẹ́ yọ wọ́n, ẹ yọ ìlù mi náà."